Ogun Tí Kì Í Ránṣẹ́ Ṣáájú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yé wa. Bí ogun bá ń bọ̀, ìró rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọ̀lú. Àwọn tó ń sá bọ̀ láti ìlú mìíràn yóò ròyìn rẹ̀, àwọn ará ọjà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́, ọdẹ yóò fi ohun tó rí nínú igbó tó ọba létí. Arọ tó bá gbọ́n yóò ti rí ọjọ́ mélòó kan fi wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ogun kan wà láyé òde òní tí kì í ránṣẹ́ ṣáájú, tí kì í lu ìlù, tí kì í sì í gbé àsíá. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni í jókòó sí ní ọ̀sán gangan, láàárín àwọn ọkọ̀ tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ dá dúró. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè máa ka ṣẹ́ńjì lọ́wọ́. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lè máa di ọmọ rẹ̀ mú kí ó má baà sáré sójú títì. Ogun yìí kò fún arọ láyè, kò sì fún abarapá náà láyè. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mogadishu, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Sòmálíà, ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ̀yin ònkàwé mi lè béèrè pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ Mogadishu. Àbúrò bàbá mi kan, tí gbogbo wa nílé ń pè ní Bàbá Sójà, ló mú kí ó kàn mí. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ sí Sòmálíà lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1993. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọmọ ogun Nàìjíríà méje ni wọ́n pa ní Mogadishu ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá Sójà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Bí a bá bi í léèrè ohun tó rí lọ́hùn-ún, obìnrin kan tó ń ta tíì ní oríta kan nítòsí àgọ́ wọn ni ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, obìnrin náà á gbé ìkòkò tíì àti àwọn ife rẹ̀, á lọ dúró sí ẹ̀yìn ògiri. Bí ìbọn bá dákẹ́, á tún gbé e padà sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Sójà ní òun ní kí ògbufọ̀ bá òun bi í pé kí ló dé tí kò fi wá ibòmíràn jókòó sí. Èsì obìnrin náà kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ibí ni wọ́n mọ̀ mí sí.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìtàn odidi ìlú kan wà nínú gbólóhùn yìí.

Mogadishu kì í ṣe ìlú àná. Xamar ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é, etí Òkun Íńdíà ni ó tẹ̀dó sí, òwò orí òkun ló sì sọ ọ́ di ìlú ńlá. Ní ọdún 1331, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì ròyìn ohun tó rí. Ó ní bí ọkọ̀ ojú omi bá ti ń sún mọ́ èbúté, àwọn ọ̀dọ́ ìlú á wa ọkọ̀ kéékèèké lọ pàdé rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àwo oúnjẹ tí a dé lórí. Oníṣòwò tí ọ̀dọ́ kan bá gbé oúnjẹ fún ti di àlejò rẹ̀ nìyẹn. Ilé rẹ̀ ni yóò wọ̀ sí, òun ni yóò sì bá a tà, tí yóò bá a rà. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí wọ́n ń hun níbẹ̀, tí wọ́n ń kó lọ tà títí dé ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ: ìlú tó ń fi oúnjẹ pàdé àjèjì lójú omi ni ìlú yìí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1960, apá tí Ítálì ń ṣàkóso àti apá tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso parapọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, Mogadishu sì di olú-ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1967 ni wọ́n kọ́ Ilé Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè síbẹ̀. Ní ọdún 1972 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ èdè Somali, èdè náà sì di èdè iṣẹ́ ìjọba. Àwa tí ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa láti ìgbà pípẹ́ mọ iyì irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ewì ni àwọn ènìyàn yìí fi ń kọ ẹnu ìfẹ́, òun ni wọ́n fi ń pe ara wọn níjà, òun náà ni wọ́n sì fi ń parí ìjà. Ìlú tó ní èbúté, tó ní ilé ìṣeré, tó ń fi èdè ara rẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ìlú tí a fi ogun dá mọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ogun dé náà ṣá. Siad Barre, ọ̀gágun tó fi ìbọn gba ìjọba ní ọdún 1969, sá kúrò ní Mogadishu ní oṣù kìíní ọdún 1991. Àwọn tó lé e lọ kò rí ìjọba náà pín láàárín ara wọn, ni wọ́n bá kọ ìbọn ńlá sí ara wọn láàárín ìlú. Ìyàn mú ní ọdún 1992. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá, ó sì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ ní ọdún 1995. Ní ọdún 2006, àwọn ilé ẹjọ́ Mùsùlùmí tó parapọ̀ gba àkóso ìlú. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ ogun Etiópíà wọ Sòmálíà, wọ́n sì lé wọn kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó wà lára àwọn tí wọ́n lé náà ló di ẹgbẹ́ al-Shabaab tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ní ọdún 2007, àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ja ìjà àdúgbò sí àdúgbò, ògiri sí ògiri, títí di oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí al-Shabaab kó ogun wọn kúrò nílùú.

N kò ní bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ lórí àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ní ìgbà náà, al-Shabaab a máa yin ohun ìjà ńlá láti àárín ọjà Bakaara, ọjà tó tóbi jù ní Mogadishu. Àwọn tó ń bá wọn jà, títí kan àwọn ọmọ ogun tí Áfíríkà rán wá ṣètò àlàáfíà, a sì máa yìnbọn ńlá padà sínú ọjà kan náà. Òkú ẹni tó wá ra ìrẹsì kò mọ ọ̀nà tí ọta gbà wá. Ẹni bá fẹ́ kọ ìtàn ìyà tó jẹ ará ìlú, kí ó kọ ti ọ̀tún, kí ó kọ ti òsì.

Ẹni tó bá gbọ́ ní ọdún 2011 pé wọ́n ti kó ogun kúrò nílùú yóò rò pé ìsinmi dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè gba ojú pópó mọ́ pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ọkàn balẹ̀ rìn níbẹ̀. Àdó olóró, tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, wá di olórí ohun ìjà wọn. Bí a bá sì wo àwọn ibi tí ó ti bú, a ó rí ohun kan tí kò yẹ kí ó ṣófo lójú wa.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benadir péjọ sí Hòtẹ́ẹ̀lì Shamo fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè. Ọdún kan péré ṣáájú ìgbà náà ni yunifásítì yìí kọ́kọ́ kó àwọn dókítà jáde. Àdó olóró bú láàárín gbọ̀ngàn. Mínísítà mẹ́ta kú, àwọn olùkọ́ kú, àwọn oníròyìn kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì kú. Òkú lé ní ogún. Al-Shabaab ní ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀, ìjọba ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2011, ọkọ̀ akẹ́rù kan bú nítòsí oríta tí wọ́n ń pè ní K4, níwájú ọgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń retí èsì ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí ilẹ̀ Tọ́kì wà níbẹ̀. Ó lé ní 70 ènìyàn tó kú, al-Shabaab sì sọ gbangba pé àwọn ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2012, Ilé Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ padà lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún. Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, àdó olóró bú níbi ayẹyẹ kan nínú rẹ̀. Olórí àjọ eré ìdárayá Olympic àti olórí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà wà lára àwọn tó kú.

Kí ni ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ilé ìṣeré fi jọ ara wọn? Ibi tí ènìyàn ti ń múra ọ̀la ni gbogbo wọn. Jagunjagun lè wí pé mínísítà ni òun ń wá, pé ilé iṣẹ́ ìjọba ni òun dojú kọ. Àdó olóró kò mọ mínísítà yàtọ̀ sí ọmọ tó mú ìwé ìbéèrè fún ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kò tún lè wí pé àṣìṣe ni.

Ọjọ́ tó burú jù lọ ni ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2017. Ọjọ́ Sátidé ni. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n fi àdó olóró kún inú rẹ̀ bú ní oríta Zoobe, níbi tí hòtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù, ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ èrò ti kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ epo kan wà nítòsí, iná sì ràn mọ́ ọn. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lórí rédíò ní nǹkan bí ogún ènìyàn ló kú. Ní ọjọ́ kejì iye náà ti kọjá 200. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti ṣèwádìí wí pé 587 ni àwọn tó kú, àwọn tó farapa sì lé ní 300.

Kí ló fà á tí iye òkú fi ń lọ sókè fún oṣù márùn-ún? Ìdí ni pé iná ti sọ ọ̀pọ̀ wọn di ohun tí ìyá tó bí wọn kò lè dá mọ̀. Kì í ṣe òkú ni ìgbìmọ̀ náà ń kà mọ́. Ilé dé ilé ni ìṣirò ti ń wá, láti ẹnu àwọn tí ẹni tiwọn jáde ní ọjọ́ Sátidé tí kò sì padà wọlé. Ó lé ní 100 òkú tí ìjọba sin láìmọ orúkọ wọn. Mùsùlùmí ni àwọn ará Mogadishu. Ẹ̀tọ́ òkú lọ́dọ̀ wọn ni kí a wẹ̀ ẹ́, kí a fi aṣọ funfun dì í, kí a sì sin ín láìpẹ́. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá kú sí ìdálẹ̀, wọ́n a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá sílé, kí àwọn ẹbí lè rí nǹkan sin. Àwọn ẹbí tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kò rí irun, wọn kò rí èékánná. Àárín ìlú wọn ni ẹni wọn kú sí, síbẹ̀ ó dà bí ẹni tó sọnù sí ìdálẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò jáde wí pé òun ló ṣe é. Ìjọba Sòmálíà ní al-Shabaab ni, al-Shabaab dákẹ́. Ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ọkùnrin kan, wọ́n sì yìnbọn pa á ní ọjọ́ tó pé ọdún kan gééré. Ìdákẹ́jẹ́ náà tó ohun tí a ń ronú lé lórí. Àwọn tó máa ń fi ẹnu ara wọn ṣògo bí wọ́n bá pa ọmọ ogun mẹ́wàá kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ lórí 587. Èmi gbà pé ìtìjú wà nínú rẹ̀, tàbí ìbẹ̀rù ará ìlú. Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù lóòótọ́, nítorí láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde ní Mogadishu, wọ́n so aṣọ pupa mọ́rí, wọ́n ń bú àwọn apànìyàn náà ní gbangba. Àwọn mìíràn tò sí ilé ìwòsàn láti fi ẹ̀jẹ̀ ta àwọn tó farapa lọ́rẹ. Ilẹ̀ Tọ́kì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé àwọn tó farapa jù lọ fún ìtọ́jú.

Nínú gbogbo èyí, àwọn kan wà tí orúkọ wọn yẹ kí ó wà nínú ìwé. Ní ọdún 2006, dókítà eyín kan, Abdulkadir Abdirahman Adan, dá Aamin Ambulance sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń fi ọkọ̀ gbé ẹni tó farapa lọ sí ilé ìwòsàn láìgba kọ́bọ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ohun tí a lè fọkàn tán. Nínú ìlú tí ìjọba kò ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pèsè, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí èéfín bá ti ń rú.

Ogun yìí wá kọ́ ọgbọ́n burúkú mìíràn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2019, ọkọ̀ akẹ́rù bú níbi tí àwọn agbófinró ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní ẹnu ọ̀nà Afgooye. Ó lé ní 80 tó kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà nínú ọkọ̀ èrò sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2022, àdó olóró tún bú ní oríta Zoobe kan náà, nítòsí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Àwọn ènìyàn sáré wá gbé àwọn tó ṣubú, ọkọ̀ Aamin náà dé, ni èkejì bá tún bú. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Al-Shabaab ní ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni àwọn dojú kọ. Ẹ jẹ́ kí a wo àdó olóró kejì yẹn dáadáa. Àkọ́kọ́ pa ẹni tó ń kọjá lọ. Èkejì dúró de ẹni tí ojú rẹ̀ kò gbà á láti kọjá lọ. Ó fi àánú ṣe ìdẹ. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ léraléra, ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sáré sí igbe ẹnìkejì rẹ̀. Ìlú tí ó ń fi oúnjẹ pàdé àjèjì lójú omi ni wọ́n fẹ́ sọ di ìlú tí kò ní lè dá aládùúgbò rẹ̀ lóhùn.

Ibi tí mo rò pé àpapọ̀ òfò náà wà nìyí, ìgbìmọ̀ kankan kò sì lè ṣírò rẹ̀. Àwọn olówó àti àwọn òṣèlú ti kọ́ ògiri yí ara wọn ká. Ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀ṣọ́, ọfíìsì ní ẹ̀ṣọ́. Ta ni ó wá kù sí oríta? Alábàárù ni, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de ọkọ̀ ni, obìnrin tó ń ta tíì ni. Wọ́n ń kéde pé àwọn alágbára ni ogun náà wà fún, ẹni tí kò ní ògiri ni ó sì ń pa. Bí ìyá bá kọ̀ fún ọmọ rẹ̀ láti lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, tí ọkùnrin kan bá ń gba ọ̀nà jíjìn lọ síbi iṣẹ́ nítorí pé ó ń sá fún oríta, àwọn náà wà lára àwọn tí àdó olóró bà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò jáde lára wọn. Kò sì tíì sinmi: ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ó lé ní 30 ènìyàn tí wọ́n pa ní etíkun Lido, níbi tí wọ́n ti lọ gba atẹ́gùn.

Síbẹ̀, ìlú náà kò gbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n tún ṣí Ilé Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fi sinimá hàn níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ènìyàn sanwó wọlé, wọ́n sì jókòó nínú òkùnkùn pẹ̀lú ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ní ìlú mìíràn, ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ní Mogadishu, èmi kò mọ ohun tí a lè pè ní akin jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2017, mo lọ kí Bàbá Sójà. Rédíò rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti pa á. Ó ti gbọ́. Kò bi mí nípa ìjọba, kò bi mí nípa al-Shabaab. Ohun tó béèrè ni pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tí o máa ń kàwé, ṣé àwọn tó ń ta tíì yóò tún padà síbẹ̀?”

N kò rí èsì fọ̀ ní ọjọ́ náà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni èsì dé, n kò sì fẹ́ irú ọ̀nà tó gbà dé. Wọ́n padà síbẹ̀. Bí wọn kò bá padà ni, àdó olóró ọdún 2022 kì bá tí bá ẹnikẹ́ni ní oríta Zoobe.